Kọ́kọ́rọ́ Kan Ló Ń Ṣí Gbogbo Yàrá Ilé Wa

Kọ́kọ́rọ́ ni mo ń gé jẹun ní Múṣin láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Mo ní àga kan, tábìlì kan, agboòrùn ńlá kan tí òjò ti fọ àwọ̀ rẹ̀ lọ, àti fáìlì irin kan tó mú ju ahọ́n ìyàwó mi lọ. Ìwé mi ò pọ̀. Mo kà á dé ibi tí tíṣà ti ní kí n lọ pe bàbá mi wá, mo bá lọ, mo ṣì ń lọ títí di òní. Àmọ́ eyín kọ́kọ́rọ́, mo mọ̀ ọ́n ju eyín ẹnu ara mi lọ, pàápàá nísinsìnyí tí ti ẹnu ti ń fò lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ti fi egungun ẹja ṣí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìwáyà rí, ẹja ọ̀hún sì ń wò mí, kò tíì kú. Mo ti gé kọ́kọ́rọ́ fún àgádágodo kan ní Oto tó jẹ́ pé géńdé méjì ló ń gbé e. Bí wọ́n bá ṣí i tán, wọ́n á ní kí n wọ inú rẹ̀ jókòó kí n jẹun ọ̀sán. Ìyàwó mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, a máa sọ fún àwọn oníbàárà pé, "Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Bàbá yìí, ẹ fi ìtàn sílẹ̀ fún un."

Ọkùnrin kan wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó gbé odidi ọṣẹ dání. Ó ti tẹ kọ́kọ́rọ́ ọ̀gá rẹ̀ mọ́ ọṣẹ náà, ó fẹ́ kí n wo ojú ibẹ̀ gé irú rẹ̀ fún òun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bu omi, mo fi ọṣẹ ọ̀hún fọ ọwọ́ mi méjèèjì dé ìgbọ̀nwọ́, mo fọ ojú, mo wá dá èyí tó kù padà fún un. Òótọ́ nìyẹn. Ibi tí irọ́ ti máa ń wọ̀ ọ́ ni pé bí mo bá ń sọ ọ́, mo máa ń fi kún un pé mo fi wẹ̀, mo sì fọ ṣòkòtò.

Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ì bá wù mí kó wà.

Iṣẹ́ wa ní òfin. Bí o bá gé kọ́kọ́rọ́ fún ènìyàn tán, wàá dá tirẹ̀ padà fún un pẹ̀lú èyí tí o gé, kò gbọdọ̀ sí ẹ̀dà lọ́wọ́ rẹ. Èyí tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, wàá rẹ́ eyín rẹ̀ títí á fi dán bí èékánná, kí ẹnì kan má baà ṣà á nílẹ̀ fi wọ ilé onílé. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù kò gbọdọ̀ ṣí ilé. Kọ́kọ́rọ́ ilé kò gbọdọ̀ ṣí ọ́fíìsì. Gbogbo èyí ni mo kọ́ ọmọ mi obìnrin, nítorí pé ẹsẹ̀ tábìlì mi ló ti dàgbà. Inú ilé wa ló ti wá kọ́ òdìkejì rẹ̀.

Ilé bàbá mi ni à ń gbé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan láàárín, yàrá lápá ọ̀tún, yàrá lápá òsì, ẹbí ló kún inú rẹ̀. Nígbà tí ìyá mi wà láyé, ó pè mí, ó ní, "Ìwọ tó o ń gé kọ́kọ́rọ́, gé ẹyọ kan tí á máa ṣí gbogbo yàrá ilé yìí. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ bàbá rẹ̀, ta ló ń sá fún?" Mo ṣe bó ti wí. Láti ọjọ́ náà, kọ́kọ́rọ́ kan ló ń ṣí ilé wa látòkèdélẹ̀. Bí tìrẹ bá sọnù, wàá na ọwọ́ sí ẹni tó bá wà nítòsí. Bí ọmọ bá ti ilé ìwé dé tí ìyá rẹ̀ ò sí nílé, á ṣí yàrá àǹtí rẹ̀, á jẹ ẹja inú ìkòkò, á ti ilẹ̀kùn padà jẹ́jẹ́. Àǹtí á dé, á ka ẹja, á rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni ò jí nǹkan ẹnikẹ́ni. Àwọn ará àdúgbò ń fi ilé wa ṣàpèjúwe ìrẹ́pọ̀.

Ọmọ mi yìí lọ ilé ìwé gíga, ó wá ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Sábó. Ó lọ́kọ, wọ́n gba yàrá sí Yábàá, àmọ́ kò sí òpin ọ̀sẹ̀ tí kì í wá kí wa. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí gan-an ló ń ṣe níbẹ̀.

Ó ní, "Bàámi, iṣẹ́ yín náà ni."

"Agboòrùn rẹ dà?"

"Ẹ gbọ́ ná. Bí a bá fẹ́ ṣe ohun tí àwọn ènìyàn á máa ṣí lórí fóònù wọn, a kì í kọ́ ilé kan ṣoṣo. A máa kọ́ ilé ìdánrawò, níbi tí a ti lè ba nǹkan jẹ́ kí ẹnikẹ́ni má sunkún. Lẹ́yìn náà la ó kọ́ ojúlówó, èyí tí gbogbo ayé á máa wọ̀. Méjèèjì á jọra bí ìbejì. Kọ́kọ́rọ́ wọn nìkan ni kò gbọdọ̀ jọra."

"Kí ẹni tó bá rí ti ìdánrawò he má baà fi wọ ojúlówó."

"Ẹ ò rí i pé ẹ mọ̀ ọ́n. Àmọ́ kọ́kọ́rọ́ tiwa kì í ṣe irin. Ọ̀rọ̀ gígùn kan ni, lẹ́tà àti nọ́ńbà, bí ìgbà tí adìẹ bá rin orí ìwé. A kì í fi í sínú iṣẹ́ tí a kọ, torí ẹlòmíràn lè ka iṣẹ́ náà. Àpótí ọ̀tọ̀ la máa ń kó wọn sí, ti ìdánrawò lọ́tọ̀, ti ojúlówó lọ́tọ̀."

"Wọ́n sì ń sanwó fún ọ lórí èyí?"

"Wọ́n ń san án dáadáa."

Ìyàwó mi tó ń rán fìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ ò bá ti lọ pe bàbá yín wá fún tíṣà lọ́jọ́ náà."

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, fìlà rírán. Iwájú ilé wa ló máa ń jókòó sí, abẹ́rẹ́ lẹ́nu, òwú ní ọrùn. Ohùn rẹ̀ ò dùn, kí n má purọ́ mọ́ òkú. Ó ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi òróró kàn rí. Àmọ́ bí ọmọ bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, tí òun bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í ní oríkì, ó ń sọ ibi tí baba rẹ̀ ti wá, ó ń sọ ohun tí ìyá ìyá rẹ̀ ṣe, ọmọ tó fẹ́ pẹ́ dé ilé ìwé ò ní fẹ́ dìde mọ́. Kódà èmi, bó bá kì mí, orí mi á wú, màá rìn dé ìdí agboòrùn mi bí ẹni tó ti sọ òótọ́ rí láyé.

Nǹkan kan wá wú sí i lọ́fun. A rò pé òtútù ni. Dókítà wò ó, ó ní wọ́n máa gé e, àti pé bí wọ́n bá gé e, ohùn lè bá a lọ. Nígbà náà, ọmọ mi ti lóyún, oyún rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó jókòó síwájú ìyá rẹ̀, ó ní, "Màámi, kí wọ́n tó fọwọ́ kàn yín, ẹ jẹ́ ká gba ohùn yín sílẹ̀."

Ó ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó gbèrò pé òun máa kọ́ ilé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ọmọ ilé wa kọ̀ọ̀kan á ní yàrá tirẹ̀ níbẹ̀. Ibikíbi tí o bá wà, bí ilẹ̀ bá mọ́, wàá ṣí yàrá rẹ lórí fóònù, ìyàwó mi á sì kì ọ́. Àmọ́ ó ní láti kọ́kọ́ kọ́ ti ìdánrawò, ó sì ń wá ohun tó máa kó sínú rẹ̀.

Ó ní, "Bàámi, irọ́ yín ni mo máa kó síbẹ̀."

Mo ní, "Irọ́ mi ò tó ojúlówó?"

"Ilé ìdánrawò ni. Bó bá sọnù, ẹ ó pa òmíràn. Ti Màámi ò ní arọ́pò."

Ìyá rẹ̀ ní, "Ibẹ̀ náà ló tọ́ sí wọn. Kí wọ́n dánra wò títí, bóyá ọ̀kan nínú wọn á di òótọ́."

Mo jókòó síwájú fóònù, mo pa ti ẹja Ìwáyà, mo pa ti àgádágodo, mo pa ti ọṣẹ, mo wẹ̀ nínú rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn mi ni ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Bó bá kì ọmọ kan tán, á sinmi, á mu omi gbígbóná, á ní kí wọ́n mú èyí tó kàn wá. Ohùn náà ti ń fẹ́lẹ́ bí aṣọ tó pẹ́ lórí okùn.

Èyí tó gbẹ̀yìn ni ti ọmọ tó wà nínú oyún.

A kì í pe orúkọ ọmọ kó tó dé, a kì í sì í pè é kó tó di ọjọ́ kẹjọ. Ìyàwó mi mọ èyí ju gbogbo wa lọ. Ó ní, "Ìyá àgbà ní láti sọ ọmọ yìí lórúkọ, kò sì dá mi lójú pé mo máa wà níbẹ̀. Ẹ gbé fóònù yìí fún mi, kí gbogbo yín jáde." Ó wò mí. "Ẹ̀yin náà, Bàbá onírọ́. Ẹnu yín ò lókùn."

A jáde. Ọmọ mi lọ jókòó síwájú ilé. Èmi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo gbé etí lé e. Gbogbo ilé ló mọ̀ mí sí ìwà yìí, kò sí àṣírí níbẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀, àmọ́ kò lágbára mọ́, kò ju ẹni tó ń fẹ́ tíì tó gbóná lọ. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kékeré ni, irú èyí tó máa ń rín bí fìlà tó ń rán bá jáde bó ti fẹ́ kó rí gan-an. Mo sá kúrò níbẹ̀ kó tó ṣílẹ̀kùn.

Ó fún ọmọ mi ní fóònù. Ó ní, "Má gbọ́ ọ o. Fi í pamọ́ síbi tó o sọ, kó o pa ti orí fóònù rẹ́ lójú mi níbí. Bó bá wà lápò rẹ, ọwọ́ á máa yún ọ. Lọ́jọ́ kẹjọ, níwájú gbogbo ẹbí, kẹ́ ẹ wá ṣí i."

Ọmọ mi gbé e sókè sínú ilé orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà, ó sì pa ti orí fóònù rẹ́ lójú ìyá rẹ̀. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni.

Wọ́n gé ohun tó wú náà. Ohùn bá a lọ, bí dókítà ti wí. Bó bá fẹ́ pè wá, á pàtẹ́wọ́. Mo ń pa irọ́ fún un lórí ibùsùn, kò lè bú mi mọ́, á kàn máa fi ìka tọ́ka sí mi, èjìká rẹ̀ á máa mì. Kò pẹ́ sí i, òun náà tẹ̀lé ohùn rẹ̀ lọ. A sin ín kí oòrùn tó wọ̀, bí a ti ń ṣe.

Lẹ́yìn fìdáù, àlùfáà wa ṣe wàásù lórí sáárà tí kì í tán. Ó ní bí o bá gbẹ́ kànga fún òkú rẹ, tàbí o fi ìmọ̀ sílẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń jẹ àǹfààní rẹ̀, ẹ̀san rẹ̀ á máa dé bá òkú náà níbi tó wà. Ọmọ mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó wọ̀ ọ́ lára. Kò lówó kànga. Ohun tó ní ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó bá kó iṣẹ́ ilé ìdánrawò náà, bó ṣe kọ ọ́ látòkèdélẹ̀, ó gbé e síta lórí íńtánẹ́ẹ̀tì níbi tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti lè rí i lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n fi kọ́gbọ́n. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé sáárà fún ìyá òun ni.

Ó wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn. Oyún ti wọ oṣù rẹ̀. Ó bọ́ bàtà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò jókòó sórí àga, ilẹ̀ ló jókòó sí, ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀kùn yàrá ìyá rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilé wa wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàámi, ilé ti ṣófo."

"Ilé wo?"

"Ti Màámi. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì."

Mo rò pé iná ló lọ, tàbí pé nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó mi orí.

"Olè ló wọ ibẹ̀. Wọn kì í ṣe ènìyàn gan-an, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ̀rọ náà ń rìn kiri, kì í sùn, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó bá jábọ́ sínú iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn gbé síta. Ó rí tèmi nínú sáárà tí mo ṣe. Mo ti fi í síbẹ̀ nígbà tí mo ń dán nǹkan wò, mo ní màá yọ ọ́. Mo gbàgbé. Wọ́n wọlé, wọ́n gbá gbogbo rẹ̀ mọ́, wọ́n kó ẹrù tiwọn síbẹ̀."

Mo ní, "Ṣé kì í ṣe ti ìdánrawò lo gbé síta?"

"Òun ni."

"Irọ́ mi ni wọ́n jí nìyẹn. Kí ló kan ojúlówó?"

Ó la ọwọ́ rẹ̀, ó ń wo kọ́kọ́rọ́ tó wà níbẹ̀, èyí tí mo gé nítorí ọ̀rọ̀ ìyá mi.

"Bí ilé wa ni mo ṣe ṣe é, Bàámi. Ẹyọ kan ló ń ṣí méjèèjì. Ara Màámi ò yá, ohùn yẹn ń lọ, mò ń sáré. Mo ní ṣebí ẹbí ni gbogbo wa, kí ni mò ń tì mọ́ ta ni. Mo ní bí ara bá balẹ̀, màá yà wọ́n sọ́tọ̀."

"Ẹ̀dà ńkọ́?"

"Mo ṣe ẹ̀dà. Mo fi í sí yàrá mìíràn níbẹ̀."

"Kọ́kọ́rọ́ wo ló ń ṣí yàrá mìíràn náà?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo wá ohun tí mo lè sọ tó máa pa á lẹ́rìn-ín. Láti kékeré ọmọ yìí, kò tíì sunkún níwájú mi kí n má rí irọ́ kan fi nù ún lójú. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà mo la ẹnu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ tì í. Àwọn ẹbí ń kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n rò pé ìyá rẹ̀ là ń sunkún, òótọ́ sì ni.

Ọkọ rẹ̀ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ni ibi tí wọ́n kó ohùn náà sí. Wọ́n fèsì pẹ̀lú sùúrù. Wọ́n bá wa kẹ́dùn. Àmọ́ ẹni tó bá fi kọ́kọ́rọ́ tó tọ́ wọlé, onílé ni lójú wọn, ohun tí onílé bá sì pa rẹ́, ó ti parẹ́. Bí wọ́n bá bi èmi náà léèrè nídìí agboòrùn mi, ohun tí màá sọ nìyẹn.

Oríkì àwọn tó kù, ohùn nìkan la pàdánù níbẹ̀. Kò sí ọmọ ilé wa tí kò mọ tirẹ̀ lórí. Àmọ́ orúkọ ọmọ inú oyún náà, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n láyé, a sì ti sin ín.

Ọmọ mi gbé ojú sókè wò mí kó tó lọ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Bàámi, mo mọ̀ yín. Ṣé ẹ ò dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn?"

"Mo dúró."

"Kí lẹ gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Mo gbọ́ pé ó rẹ́rìn-ín."

Ó wò mí pẹ́. Mo rí i pé kò mọ̀ bóyá kí òun gbà mí gbọ́.

Ó bí obìnrin, àlàáfíà ni. Nígbà tí ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wá bá mi. Obìnrin ńlá ni, bó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹni tó wà lápá kejì á dìde fúnra rẹ̀. Ó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ máa sọ orúkọ ọmọ náà lọ́la."

Mo ní, "Tèmi wà nílẹ̀. Màá sọ ọ́."

"Ti àbúrò mi ni mò ń sọ."

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ̀yin lẹ bá a gbé láti ọdún wọ̀nyí. Ẹ mọ irú ẹnu rẹ̀. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ ro orúkọ tó máa jáde lẹ́nu rẹ̀, kẹ́ ẹ pè é. Ta ló máa mọ̀?"

"Ẹ fẹ́ kí n purọ́."

"Látọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín, ta ló bẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó purọ́? Ti ẹja, ti ọṣẹ, kò sí ẹni tó bẹ̀ yín. Èyí tí a wá bẹ̀ yín sí yìí ló fẹ́ há yín lọ́fun. Ọmọ yẹn ò gbọdọ̀ gbé ayé láìní orúkọ láti ẹnu ìyá àgbà rẹ̀. Ẹ wo ojú ìyá rẹ̀. Ó rò pé òun lòun pa orúkọ náà run."

Kò sọ àṣìsọ. Mo wo ojú ọmọ mi, ó ti gbẹ bí ewé tó ti pẹ́ lójú oòrùn. Mo sì ro orúkọ kan. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, orúkọ náà dáa. Ó ní fìlà nínú, ó ní òwúrọ̀ nínú, ó ṣe wẹ́kú bí ohun tí ìyàwó mi máa sọ. Bí mo ti ń wọ aṣọ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo ń pè é lábẹ́lẹ̀, ó ń dùn lẹ́nu mi bí àádùn.

Àlùfáà pe ti Mùsùlùmí sétí ọmọ. Wọ́n gbé abọ́ omi síwájú wa, bí àwa ti ń ṣe: ẹni tó bá fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ á sọ owó sínú omi, á pe orúkọ náà, gbogbo ènìyàn á pè é tẹ̀lé e. Bàbá ọmọ pe tirẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ pe tiwọn. Mo sọ owó tèmi, mo pe tèmi, wọ́n pè é tẹ̀lé mi. Ó wá kan ìyá àgbà. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi fi ìgbọ̀nwọ́ kàn mí.

Mo mú owó mìíràn jáde. Mo sọ ọ́ sínú omi.

Mo ní, "Ti ìyàwó mi nìyí."

Gbogbo wọn dúró. Orúkọ náà wà lórí ahọ́n mi. Mo wo ọmọ mi tó gbé ọmọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń wò mí lẹ́nu bí ẹni tó ń wo ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé bí mo bá pe nǹkan kan, á gbà á. Á gbà á lọ́jọ́ náà, á sì máa fi pe ọmọ rẹ̀ láàárọ̀. Lọ́jọ́ kan, bó bá ń gbọ́ mi tí mò ń pa ti ẹja Ìwáyà fún ẹlòmíràn, á rántí ẹni tó fún un ní orúkọ náà. Láti ọjọ́ náà lọ, kò ní mọ̀ mọ́ bóyá ìyá rẹ̀ sọ nǹkan kan rárá sínú fóònù yẹn.

Mo ní, "Ó sọ ọ́ lórúkọ. Mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mi ò gbọ́ orúkọ náà. Ohun tí mo gbọ́ ni pé nígbà tó pè é tán, ó rẹ́rìn-ín. Orúkọ náà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Èyí tí mo mọ̀ nìyẹn."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó rò pé ìtàn ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó yẹ kí wọ́n pè tẹ̀lé mi. Omi inú abọ́ ń mì títí ó fi dúró. Àlùfáà ṣe àdúrà ráńpẹ́, ó ní Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, wọ́n ṣe àmín, wọ́n gbé oúnjẹ wá.

Nígbà tí àwọn àlejò ti lọ, ọmọ mi gbé ọmọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó jókòó tì mí. Ó ní, "Ẹ̀rín ti fìlà ni?"

Mo ní, "Ẹ̀rín ti fìlà ni."

Ó gbé orí lé èjìká mi.

Ó ti tún ilé orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà kọ́. Kọ́kọ́rọ́ ti ìdánrawò lọ́tọ̀, ti ojúlówó lọ́tọ̀, ti ibi tó ń kó ẹ̀dà sí lọ́tọ̀, ó sì ń yí wọn padà lóòrèkóòrè bí ẹni tó ń yí aláìsàn lórí ibùsùn. Ó wá ní kí n jókòó síwájú fóònù pé òun fẹ́ gba ìtàn mi sílẹ̀, àmọ́ pé lọ́tẹ̀ yìí, ojúlówó ló ń lọ. Mo gbìyànjú ti àgádágodo. Mo dé àárín rẹ̀, mo ń wá ẹni tó máa bú mi láti ẹ̀yìn.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ò tíì dárí jì mí. Àwọn kan nínú ilé wa gbà gbọ́ dájú pé mo mọ orúkọ náà, pé mo kàn ń fi í pamọ́ ni, àti pé lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ kú màá sọ ọ́. Wọ́n máa ń bi mí bí ara mi ò bá fẹ́ yá. Èrè irọ́ mi ni mò ń jẹ, mi ò bá wọn jà.

Ọmọ náà ti ń rìn báyìí. Bí wọ́n bá gbé e wá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa ń gbà, á máa ti ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan wò, ọ̀tún, òsì, títí á fi dé ti ìyá àgbà rẹ̀. Á fọwọ́ lù ú, á gbé etí lé e. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan á tó béèrè lọ́wọ́ mi. Màá sọ fún un pé ibi tó dúró sí yẹn ni èmi náà dúró sí, mo sì gbọ́ ẹ̀rín. Á ní kí n sọ èyí tó kù fún òun. Kò sí èyí tó kù.